Wáyà díìsì yín: bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe é fúnra yín ní Ore àti Odigbo láì sun dìkódà, láì já bọ́ lórí òrùlé

Tí òjò bá dá ní Ore, tí tẹlifíṣọ̀n ṣì ń kọ E48-32 gàdàgbà sójú, ẹni àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ wa máa ń pè ni ẹni tó ń ṣe díìsì. Ó máa dé, ó máa gé ẹnu wáyà díẹ̀, ó máa lọ́ irin kékeré kan mọ́ ọn, àwòrán á padà. Iṣẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, owó iṣẹ́ á sì bọ́ lápò. Mi ò sọ pé kó má jẹun o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹnu wáyà ni àrùn wà, ibi tí ọwọ́ yín lè tó láì gun àkàbà rárá.

Èmi fúnra mi ni mo ń ṣe tèmi nílé, mo sì rí i pé kò ju kéèyàn mọ ohun tó wà nínú wáyà náà lọ. Nítorí náà ni mo ṣe kọ gbogbo ẹ̀ síbí, kẹ́ ẹ fi pamọ́ sórí fóònù. Àmọ́ ẹ ka apá tó sọ nípa ewu dáadáa. Ibẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù.

Kí ló wà nínú wáyà yìí gan-an?

Ẹ fi abẹ gé wáyà díìsì kan, kẹ́ ẹ wo ojú ibi tẹ́ ẹ gé bí ẹni ń wo ojú ìrèké. Ẹ máa rí nǹkan márùn-ún:

1. Bàbà kan ṣoṣo láàárín, tó nípọn tó mílímítà kan lára wáyà RG6.
2. Fóòmù funfun tó yí bàbà náà ká.
3. Bébà fàdákà bíi ti inú páálí sìgá.
4. Irun wáyà wínníwínní tí wọ́n hun bí ìgbà téèyàn hun irun.
5. Rọ́bà òde, dúdú tàbí funfun.

Coaxial ni orúkọ rẹ̀, torí pé àárín kan náà ni gbogbo wọn yí ká. Àwọn oníṣẹ́ ń gé e kúrú sí coax. Sígínà ń gba inú fóòmù kọjá láàárín bàbà àti irun wáyà. Iṣẹ́ bébà fàdákà àti irun yẹn ni láti lé ariwo jẹnẹrétọ̀, íńfátà àti fóònù dànù kó má wọlé. Tẹ́ ẹ bá gé irun náà sọnù nítorí pé ó ń dí yín lọ́wọ́, ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè nìyẹn.

Wáyà tẹlifíṣọ̀n jẹ́ 75 ohm. Ẹ má jẹ́ kí òǹkà yẹn dẹ́rù bà yín. Ohun tó túmọ̀ sí fún wa ni pé àlàfo tó wà láàárín bàbà àti irun gbọ́dọ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tẹ́ ẹ bá fi òòlù tẹ wáyà náà pẹ̀ẹ̀lẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ ní igun bí ẹni ṣẹ́ igi, àlàfo yẹn á yí padà níbẹ̀, apá kan sígínà á sì padà síbi tó ti wá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé iná tún wà nínú wáyà díìsì. Dìkódà ló ń fi 13 volt tàbí 18 volt ránṣẹ́ sókè sí LNB, ìyẹn orí kékeré tó wà níwájú díìsì. 13 volt ń sọ fún un pé kó mú apá kan sígínà, 18 volt ń sọ pé kó mú èkejì. Iná yẹn ò lè gbé yín, ṣùgbọ́n tí irun wáyà kan ṣoṣo bá kan bàbà àárín, ó lè ba ojú ibi tí wáyà ti ń wọ dìkódà jẹ́. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ yọ dìkódà kúrò lára iná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹnu wáyà.

"Mo ní kébù nílé": ta ló ni kébù náà?

Wáyà yìí kì í ṣe ọmọ àná. Lọ́dún 1880 ni Oliver Heaviside, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí irú wáyà tó ní òmíràn nínú. Nílé wa níbí, àwọn bàbá wa náà ti mọ ohùn tó ń gba inú wáyà wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe coax nígbà yẹn. Lọ́dún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ Rediffusion ní Èkó. Wọ́n fa wáyà wọ ilé oníbàárà, wọ́n gbé àpótí kan síbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè dá a lóhùn kó gbọ́. Ibẹ̀ la ti rí orúkọ Asọ̀rọ̀mágbèsì. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn, àǹtẹ́nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí òrùlé.

Lónìí, tí ẹnìkan bá ní òun ti fa kébù, DStv ló sábà ń wí. Ṣùgbọ́n kò sí kébù kankan tó ti ìlú kan wá sílé ẹ̀. Sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà lókè ló ń ju sígínà sílẹ̀. Àwọn èèyàn wa tó ń lo Virgin Media ní London tàbí Comcast ní Amẹ́ríkà, tiwọn yàtọ̀: coax ló ń gbé tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì wọ ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ láti òpópónà, iléeṣẹ́ ló sì ń tọ́jú èyí tó wà níta. Tiwa ní Ore, kébù tó wà níbẹ̀ ò ju èyí tó ti orí òrùlé bọ́ sí yàrá. Ìwọ lo ni ín. Tó bá bàjẹ́, ìwọ ló kàn.

Wáyà wo ni kẹ́ ẹ rà?

RG6 ni kẹ́ ẹ béèrè. Wọ́n sábà máa ń tẹ orúkọ rẹ̀ sára rọ́bà òde. RG59 wà pẹ̀lú, ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, kámẹ́rà ìṣọ́ ló dára fún, àfi tí ibi tẹ́ ẹ ń fà á dé bá kúrú gan-an. Tẹ́ ẹ bá rí 50 ohm, ẹ fi sílẹ̀. Ìyẹn wà fún rédíò àti àǹtẹ́nà íntánẹ́ẹ̀tì.

Wáyà tó pọ̀ lọ́jà kì í ṣe ọ̀kan náà. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọlọ́jà gé bíi íǹṣì méjì fún yín, kẹ́ ẹ wo nǹkan mẹ́ta:

Àkọ́kọ́, ẹ fi abẹ ha bàbà àárín. Tó bá funfun nísàlẹ̀, bàbà tí wọ́n fi bo irin tàbí alumíníọ̀mù ni. Ẹ lè fi òòfà dán an wò, irú èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò àtijọ́. Tí òòfà bá fà á, irin ló wà nínú. Èyí tí wọ́n fi bàbà bo irin rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú, àwọn iléeṣẹ́ gidi náà ń ṣe é, ó sì ń gbé sígínà. Àmọ́ kì í gbé iná LNB lọ dáadáa bíi bàbà gidi, pàápàá tí wáyà bá gùn.

Èkejì, ẹ ka irun wáyà. Tó bá jẹ́ pé irun mẹ́ta mẹ́rin ló fọ́n ká síbẹ̀ bí irun arúgbó, ẹ má rà á.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Èyí tí fóòmù ẹ̀ rọ̀ jù bíi bọ́tà máa tẹ̀ mọ́ ara nígbà tẹ́ ẹ bá ń kàn án mọ́ ògiri.

Nípa gígùn, RG6 tó dára ń pàdánù nǹkan bíi 20 dB nínú 100 mítà tí sígínà bá wà ní 1000 MHz. Gbogbo 3 dB tó bá lọ, ìdajì agbára sígínà ló bá a lọ. Ìyẹn ni pé mítà 15 á jẹ ìdajì, mítà 30 á ṣẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin kù. LNB ti fi kún sígínà kó tó wọ wáyà, nítorí náà kò ní pa àwòrán yín lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n sígínà díìsì ń lọ láti 950 sí 2150 MHz nínú wáyà, bó bá sì ṣe ga tó ni ìpàdánù ń pọ̀ tó. Wáyà tẹ́ ẹ bá ká jọ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n "torí ọjọ́ iwájú" ń jẹ nínú sígínà yín lójoojúmọ́. Ẹ gé e.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe ẹnu wáyà

Irin kékeré tó ń lọ sẹ́nu wáyà ni wọ́n ń pè ní F connector. Èyí tó wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Ore ni èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí wọlé bíi nọ́ọ̀tì. Ẹ rà á ní ti RG6, torí ti RG59 kò ní wọ̀ ọ́. Ẹ ní abẹ tó mú, rúlà àti mítà àwọn oníná tẹ́ ẹ bá lè rí yá.

1. Ẹ yọ dìkódà kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Pípa á pẹ̀lú rìmóòtù nìkan ò tó.
2. Ẹ gé ẹnu wáyà kó dọ́gba.
3. Ẹ fi abẹ yí rọ́bà òde ká ní nǹkan bíi mílímítà 17 sí ẹnu. Ẹ rọra ṣe é, kí abẹ má gé irun inú. Ẹ fa rọ́bà náà kúrò.
4. Ẹ ká irun wáyà padà sẹ́yìn, kó sùn sórí rọ́bà òde bí ẹni ká apá ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gé e sọnù.
5. Ẹ gé bébà fàdákà àti fóòmù kúrò ní mílímítà 10 tó ṣáájú, kí bàbà nìkan yọ níbẹ̀. Fóòmù tó kù á jẹ́ mílímítà 7. Ẹ ha bàbà náà fẹ́ẹ́rẹ́ tí fóòmù bá ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ má dá a lápá.
6. Ẹ yí F connector wọlé, kó gba orí irun tẹ́ ẹ ká, títí fóòmù funfun á fi hàn ní ìsàlẹ̀ inú ẹ̀, kó dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ ibẹ̀.
7. Ẹ wo iwájú ẹ̀. Bàbà yẹ kó yọ kọjá ẹnu irin náà ní bíi mílímítà 2. Tó bá gùn jù, ẹ gé e. Tó bá kúrú, ẹ tún un ṣe, torí kò ní kan inú dìkódà.
8. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú ẹ̀. Irun kankan ò gbọdọ̀ wà nítòsí bàbà.

Tẹ́ ẹ bá ní mítà, ẹ tú wáyà náà kúrò lójú méjèèjì kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bàbà ẹnu kan sí bàbà ẹnu kejì gbọ́dọ̀ dún. Irin òde sí irin òde gbọ́dọ̀ dún. Bàbà sí irin òde ò gbọdọ̀ dún rárá. Tó bá dún, irun kan ti kan bàbà níbì kan. Ẹ má so ó mọ́ dìkódà.

Tí wáyà bá já láàárín, ẹ má lọ́ bàbà mọ́ bàbà kẹ́ ẹ wé téèpù mọ́ ọn bí wáyà iná. Àwòrán lè wá lónìí, kó lọ lọ́la. Ẹ ṣe F connector sẹ́nu méjèèjì, kẹ́ ẹ fi joiner so wọ́n pọ̀. Tó bá sì ṣeé ṣe, wáyà kan tí kò ní oríkèé ló dára jù.

Fífa wáyà wọlé

Tẹ́ ẹ bá ń yí igun, ẹ jẹ́ kó yí gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kí igun náà fẹ̀ tó ẹnu ife tíì ńlá kan. Kílípù ni kẹ́ ẹ fi kàn án mọ́ ògiri, ẹ má fi ìṣó gún un. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí wáyà NEPA àti wáyà jẹnẹrétọ̀. Tó bá di dandan kó gba ibẹ̀, kó dábùú wọn, kó má bá wọn rìn pọ̀.

Òjò wa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kì í ṣe eré. Omi máa ń tẹ̀lé wáyà bí ọmọ ṣe ń tẹ̀lé ìyá ẹ̀. Kí wáyà tó wọlé, ẹ jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ níta kó tó gòkè wọ ihò, kí omi kán sílẹ̀ níbẹ̀. Ihò ara ògiri náà gbọ́dọ̀ dà síta. F connector tó wà lẹ́yìn LNB, ẹ wé e pẹ̀lú téèpù rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ra, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Omi tó bá wọ inú irun wáyà kì í tètè gbẹ. Ó máa sọ bàbà di àwọ̀ ewé, gígé nìkan sì ni oògùn ẹ̀.

Ṣé ẹ fẹ́ pín in sí tẹlifíṣọ̀n méjì? Tó bá jẹ́ àǹtẹ́nà lásán, splitter ẹlẹ́nu méjì á ṣe é, á sì jẹ nǹkan bíi 3.5 dB. Tó bá jẹ́ díìsì, tí dìkódà sì jẹ́ méjì, splitter lásán ò lè ṣe é. Ọ̀kan ń fi 13 volt ránṣẹ́, èkejì ń fi 18, LNB ò ní mọ èyí tó máa gbọ́. LNB ẹlẹ́nu méjì ló yẹ, kí dìkódà kọ̀ọ̀kan ní wáyà tiẹ̀.

Ibo ni díìsì yóò kọjú sí ní Ore?

Sátẹ́láìtì tí DStv ń lò fún wa wà ní 36° ìlà-oòrùn. Mo ṣírò rẹ̀ fún Ore: kọ́ńpáàsì fóònù yín yẹ kó wà ní nǹkan bíi 101°, ìyẹn ìlà-oòrùn tó yà díẹ̀ sí gúúsù. Gíga rẹ̀ lójú ọ̀run jẹ́ bíi 53°. Odigbo ò jìnnà, ìyàtọ̀ ò tó nǹkan. Ẹ má gbé fóònù sún mọ́ irin díìsì nígbà tẹ́ ẹ bá ń wò ó o, irin máa ń tan kọ́ńpáàsì jẹ. Tí ojú díìsì ò bá sì dà bíi pé ó wòkè tó 53°, kò burú, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Ẹ wo igi. Ọ̀pẹ, kòkó àti tíìkì kún àyíká wa, ewé tútù sì ń dí sígínà. Igi tó bá fi mítà 10 ga ju díìsì lọ gbọ́dọ̀ jìnnà sí i ju mítà 7.5 lọ ní ọ̀nà ibi tó kọjú sí. Àwòrán tó dára lọ́dún méjì sẹ́yìn tó wá ń já báyìí, ó lè jẹ́ pé igi aládùúgbò ló dàgbà.

Lójú tẹlifíṣọ̀n, "quality" ni kẹ́ ẹ máa wò, kì í ṣe "strength" nìkan. Ẹ yí díìsì díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ dúró ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó yí padà. Ẹ yí LNB náà díẹ̀díẹ̀ nínú ìdè rẹ̀ títí quality á fi ga jù.

Ibo ni àrùn wà?

* E16 bá yọ: kì í ṣe wáyà. Ẹ wo sub yín.
* E48-32 bá yọ nígbà tí òjò ńlá ń rọ̀: ẹ ní sùúrù. Òjò ló ń gbé sígínà mì lójú ọ̀run. Ẹ má gun òkè.
* Òjò ti dá, E48-32 ò lọ: ẹ wo ẹnu wáyà lẹ́yìn dìkódà, lẹ́yìn náà ojú oríkèé, lẹ́yìn náà LNB. Omi ló sábà ń jẹ́.
* Àwọn ìkànnì kan wà, àwọn kan ò sí: iná 13 tàbí 18 ò dé LNB dáadáa, tàbí LNB ló ti ń kú lọ. Ẹ fi wáyà kúkúrú dán an wò.
* Ó ń já tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́: òpó díìsì ti ń mì. Ẹ fi sípánà fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pọ̀.

Ewu: ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì

Wáyà NEPA tó wà lórí òpó ní àdúgbò wa lè gbé 11,000 volt tàbí 33,000 volt. Wáyà yẹn ò ní rọ́bà lára. Páìpù irin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé díìsì tàbí àǹtẹ́nà lé, tó bá ṣubú lé e, ẹni tó di ìsàlẹ̀ mú lè má dìde mọ́. Kẹ́ ẹ tó gbé páìpù dìde, ẹ wọn gígùn ẹ̀ pẹ̀lú ojú: tó bá lè kan wáyà náà nígbà tó bá ṣubú, ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kó wà. Ẹ má sì rò pé kò séwu torí pé iná ò sí. Wọ́n lè mú un dé láìsọ fún yín, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí wọ́n so lódì náà sì lè rán iná padà sókè.

Páànù tó tutù ń yọ̀. Páànù tó ti dípẹtà ń jìn. Ẹ má gun òrùlé nígbà òjò tàbí lẹ́yìn òjò, ẹ má sì dá nìkan gùn ún. Kí ẹnìkan di àkàbà mú nísàlẹ̀.

Kí àrá tó bẹ̀rẹ̀ sí í kù rárá, ẹ yọ wáyà dìkódà àti ti tẹlifíṣọ̀n kúrò lára iná, kẹ́ ẹ sì yọ coax náà kúrò lẹ́yìn dìkódà. Yíyọ iná nìkan ò tó, torí coax náà jẹ́ ọ̀nà tí mànàmáná lè gbà wọlé. Tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ àrá, ẹ jìnnà sí i, ẹ má fọwọ́ kan wáyà kankan mọ́. Ẹ jẹ́ kí oníná so òpó díìsì mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú wáyà bàbà tó nípọn. Kò lè dá àrá dúró, ṣùgbọ́n ó ń dín ewu kù.

Nígbà wo ni kẹ́ ẹ pe oníṣẹ́?

Gbogbo ohun tó bá wà nínú yàrá, ẹ lè ṣe é. Èyí tó bá wà níta ní ibi tí ẹsẹ̀ yín ti wà nílẹ̀, ẹ lè ṣe é. Tó bá di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òrùlé gíga tàbí òpó tó sún mọ́ wáyà NEPA, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ sanwó ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀yàyà. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ sọ fún lándílọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó lu ògiri ẹ̀.

Àǹfààní míì wà nínú kéèyàn mọ iṣẹ́ yìí: tí oníṣẹ́ bá tiẹ̀ wá, ẹ máa mọ ohun tó ń ṣe. Tó bá ní LNB ti kú, ẹ lè ní kó kọ́kọ́ gé ẹnu wáyà kó tún un ṣe, ká wò ó. Tó bá sì fẹ́ wé téèpù dúdú mọ́ bàbà tó já, ẹ máa lè sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi joiner síbẹ̀."